Ìyípadà Kóòdù Kì í Ṣe Iṣẹ́ Ẹ̀rọ Lásán: Àríwísí lórí Bí A Ṣe Ń Tọ́jú Fáìlì Yorùbá

1. Ìfáárà

Àṣà kan wà láàárín àwa tí a ń kọ́ ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè tí mo fẹ́ ṣe àríwísí lé lórí nínú àpilẹ̀kọ yìí. Bí a bá rí fáìlì àtijọ́ kan, ì báà jẹ́ àkójọ ọ̀rọ̀, ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò tí a kọ sílẹ̀ láti inú kásẹ́ẹ̀tì, tàbí iṣẹ́ àṣekágbá akẹ́kọ̀ọ́, tí lẹ́tà inú rẹ̀ kò hàn dáadáa lórí kọ̀ǹpútà tuntun, a ó gbé e fún ẹni tó mọ kọ̀ǹpútà lò pé kó bá wa yí i padà. Bí ẹ àti ọ bá ti fojú hàn, a ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, iṣẹ́ tiwa yóò sì bẹ̀rẹ̀. Nínú orí tí a ti ń ṣàlàyé ọgbọ́n ìwádìí, a ó sọ ọjọ́ orí abẹ́nà-ìmọ̀ wa, ìlú tó ti wá, àti irú ẹ̀rọ tí a fi gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Ní ti ìyípadà fáìlì, gbólóhùn kan péré la ó kọ: a yí àwọn fáìlì náà sí Unicode. Láti inú kóòdù wo? Irinṣẹ́ wo la lò? Kí ló ṣẹlẹ̀ sí àwọn lẹ́tà tó kọ̀ tí kò yí? Olùdarí iṣẹ́ kì í béèrè, olùyẹ̀wò tó ti ìta wá náà kì í béèrè.

Èrò mi ni pé iṣẹ́ ẹni tó ń yí fáìlì padà kò yàtọ̀ sí iṣẹ́ adàwékọ tó ń da ìwé àfọwọ́kọ àtijọ́ kọ. Ó ń kà, ó ń pinnu, nígbà mìíràn ó ń méfò. Ohunkóhun tó bá ṣe ti di ara ẹ̀rí tí a ó fi jiyàn lórí èdè. Nítorí náà ó yẹ kí ó wà ní àkọsílẹ̀, kí àwọn ẹlòmíràn sì lè yẹ̀ ẹ́ wò. Èrò mẹ́ta tó gbilẹ̀ láàárín wa ni n ó gbé yẹ̀wò: pé bí fáìlì bá ti ṣí láìsí ariwo, kò sí ohun tó sọnù, pé yíyí ɛ sí ẹ wà lára ìyípadà kóòdù, àti pé bí a bá ti dé orí Unicode, gbogbo àkọsílẹ̀ Yorùbá ti di ọ̀kan.

2. Ohun tí kóòdù lẹ́tà jẹ́

Kọ̀ǹpútà kò mọ lẹ́tà, nọ́ńbà ló mọ̀. Kóòdù lẹ́tà ni àdéhùn tó so lẹ́tà kọ̀ọ̀kan mọ́ nọ́ńbà tirẹ̀. ASCII ní ààyè 128, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sì ṣe é fún. ISO 8859-1 àti Windows-1252 tó tẹ̀ lé e ń fi báìtì kan kọ lẹ́tà kan, nítorí náà ààyè wọn kò lè ju 256 lọ. Àwọn lẹ́tà Faransé bíi é, è, à àti ç rí ààyè níbẹ̀. Kódà œ ti Faransé kò sí nínú ISO 8859-1. ISO 8859-15 ló wá fi í sí i ní ìparí ọ̀rúndún ogún.

Ẹ wo bí èyí ti kan Yorùbá. Á, à, é, è, í, ì, ó, ò, ú, ù rí ilé gbé nítorí pé àwọn èdè Yúróòpù náà ń lò wọ́n. Ẹ, ọ, ṣ, ɛ, ɔ àti ń kò rí ilé gbé. Ìdajì àkọtọ́ wa wà nínú ilé, ìdajì wà lóde. Àwọn tó ń tẹ̀wé nígbà náà dá ọgbọ́n. Àwọn kan ń fa ìlà sábẹ́ e, o àti s. Àwọn mìíràn ń lo fọ́ńtì tó kun àwòrán ẹ lé orí lẹ́tà mìíràn, bí àpẹẹrẹ ë. Nínú irú fáìlì bẹ́ẹ̀, ë ni kọ̀ǹpútà tọ́jú. Fọ́ńtì nìkan ló ń sọ fún ojú wa pé ẹ ni. Bí a bá gbé fáìlì náà lọ sórí ẹ̀rọ tí fọ́ńtì yẹn kò sí, ë náà ni yóò jáde.

Unicode ló fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀: ẹ ní U+1EB9, ọ ní U+1ECD, ṣ ní U+1E63, ɛ ní U+025B, ɔ ní U+0254. UTF-8, tí Ken Thompson àti Rob Pike gbé kalẹ̀ ní 1992, ni ọ̀nà tó wọ́pọ̀ jù láti fi báìtì kọ àwọn nọ́ńbà wọ̀nyí. Lẹ́tà kan lè gba báìtì kan títí dé mẹ́rin. Mẹ́ta ni ẹ ń gbà, E1 BA B9. Méjì ni ɛ ń gbà, C9 9B. Ó yẹ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa mọ báìtì wọ̀nyí bí wọ́n ti mọ àmì IPA, nítorí pé inú wọn ni ìpalára ti ń ṣẹlẹ̀.

3. Ohùn òkè tó ń sọnù láìsí ẹni tó rí i

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni pé kí a ka fáìlì UTF-8 bí ẹni pé Windows-1252 ni. Ó ṣì ń ṣẹlẹ̀ lójoojúmọ́, pàápàá nígbà tí a bá ṣí àkójọ ọ̀rọ̀ CSV nínú Excel lórí kọ̀ǹpútà tí a tò sí èdè Faransé. Báìtì mẹ́ta tó para pọ̀ jẹ́ ẹ yóò wá jáde bíi lẹ́tà mẹ́ta: áº¹. Ó burú lójú, ṣùgbọ́n kò tíì sọnù. Báìtì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pé, a lè dá wọn padà.

Àmọ́ ààyè márùn-ún wà nínú Windows-1252 tí kò ní olùgbé: 81, 8D, 8F, 90 àti 9D. Báìtì ọ ni E1 BB 8D. Báìtì àmì ohùn òkè tó dá dúró, U+0301, ni CC 81. Ti ohùn ìsàlẹ̀, U+0300, ni CC 80, olùgbé sì wà ní ààyè 80: àmì owó yúrò ni. Ẹ jẹ́ kí a fi ọ̀rọ̀ méjì wéra. Ẹ̀jẹ̀ yóò di áº¹Ì€jáº¹Ì€, kò sì ní báìtì kan tó kọlu ààyè òfìfo. Ọjọ́ ní ẹ̀ẹ̀mẹta tó kọlu ààyè òfìfo: ọ àkọ́kọ́, ọ kejì, àti àmì ohùn òkè tó wà lórí rẹ̀.

Kí ni irinṣẹ́ yóò ṣe níbẹ̀? Àwọn kan yóò fi àmì ìbéèrè dípò. Àwọn kan yóò tọ́jú báìtì náà síbi tí ojú kò tó. Irinṣẹ́ iconv lórí Linux yóò dúró, yóò sì sọ pé òun kò lè tẹ̀ síwájú. Ìyẹn ló dára jù. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń kánjú yóò fi -c kún àṣẹ rẹ̀, iconv yóò sì fo gbogbo ohun tí kò yé e. Lẹ́yìn náà ni ẹnì kan yóò "fọ fáìlì náà mọ́", tí yóò kó gbogbo àmì àjèjì dànù.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kan ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè gan-an nìyí. Unicode fún á, é, í, ó àti ú ní nọ́ńbà kan ṣoṣo kọ̀ọ̀kan, kò sì sí èyí tó kọlu ààyè òfìfo nínú wọn. Ẹ́, ọ́, ɛ́ àti ɔ́ kò ní irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀. Lẹ́tà àti àmì ohùn gbọ́dọ̀ dá dúró ní nọ́ńbà méjì. Nítorí náà, nínú fáìlì tó gba ọ̀nà yìí kọjá, ohùn òkè yóò wà lórí dá, dé, rí, kó àti kú, kò ní sí lórí jẹ́ àti kọ́. Ohùn ìsàlẹ̀ yóò sì wà lórí gbogbo wọn. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ka iye àmì ohùn nínú irú fáìlì bẹ́ẹ̀ yóò rí ohun tó jọ òfin fonọ́lọ́jì pátápátá: fáwẹ́lì ẹ àti ọ kọ ohùn òkè. Ó lè kọ àpilẹ̀kọ tó jíire lé e lórí, kí ó sọ pé ẹ̀ka-èdè Kétu ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, nígbà tí kò sí ọmọ Kétu kan tó ń sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. N kò sọ pé ẹnikẹ́ni ti ṣe é. Ohun tí mo ń sọ ni pé kò sí ohunkóhun nínú ìlànà wa tí yóò dá a dúró.

Ohun mìíràn tún mú kí ó burú sí i. Nínú àkọtọ́ wa, ohùn àárín kì í gba àmì. Bí àmì òkè bá bọ́, ọ̀rọ̀ náà kò ní dà bí ọ̀rọ̀ tó fara pa. Yóò di ọ̀rọ̀ mìíràn tó pé. Ọkọ́ tí a fi ń ro oko yóò di ọkọ tó fẹ́ ìyàwó. Àwọn àgbà ní ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ẹyin tó fọ́ ṣì ṣe é rí nílẹ̀. Ohùn òkè tó bọ́ nínú fáìlì kò fi èérún sílẹ̀.

A lè tún díẹ̀ nínú rẹ̀ ṣe bí kò bá tíì sí ẹni tó fọ̀ ọ́. Á» tí nǹkan kò tẹ̀ lé kò lè jẹ́ ohun mìíràn ju ọ lọ nínú Yorùbá, nítorí pé Ọ ńlá yóò jáde bí á»Œ. Bákan náà, Ì tí nǹkan kò tẹ̀ lé ni ohùn òkè, torí pé Ì€ ni ohùn ìsàlẹ̀. Mo ti fi ọgbọ́n yìí tún fáìlì ṣe rí, ó sì ṣiṣẹ́. Àmọ́ ẹ kíyè sí irú iṣẹ́ tó jẹ́. Ohun tí kò sí níbẹ̀ ni mo fi mọ ohun tó ti wà níbẹ̀. Bí apá kan fáìlì bá bàjẹ́ tí apá kan kò bàjẹ́, Ì tó bẹ̀rẹ̀ Ìlú jẹ́ lẹ́tà gidi, ẹni tó bá sì fi àṣẹ kan ṣoṣo yí gbogbo Ì padà yóò ba èyí tó dára jẹ́. Àbá ni irú àtúnṣe bẹ́ẹ̀, gẹ́gẹ́ bí àbá tí olóòtú ń dá lórí ìwé tí ikán jẹ. Kò sí olóòtú gidi tó ń dá irú àbá bẹ́ẹ̀ láìsọ fún òǹkàwé.

4. ɛ kì í ṣe ẹ tó bàjẹ́

Èrò kejì kan àwa tí a wà ní Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò ju ẹnikẹ́ni lọ. Álífábẹ́ẹ̀tì àwọn èdè orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, tí wọ́n fi lélẹ̀ ní 1975 tí wọ́n sì tún ṣe ní 1990 àti 2008, ń lo ɛ, ɔ, sh àti kp níbi tí àkọtọ́ Nàìjíríà ti ń lo ẹ, ọ, ṣ àti p. Àkọtọ́ Nàìjíríà ni mo fi kọ àpilẹ̀kọ yìí kí àwọn ará ìhà kejì ààlà lè kà á láìdúró, ṣùgbọ́n èyí kò sọ àkọtọ́ kejì di àṣìṣe.

Mo ti rí àkójọ àkọsílẹ̀ tí àwọn olùṣe rẹ̀ sọ pé àwọn "yí sí Unicode", tí ɛ ti di ẹ nínú rẹ̀, tí sh ti di ṣ, tí kp ti di p. Unicode kò béèrè èyí. ɛ ti wà nínú Unicode ní ààyè tirẹ̀ bí ẹ ti wà ní ààyè tirẹ̀. Àtúnkọ àkọtọ́ ni wọ́n ṣe, wọ́n sì fi orúkọ ìyípadà kóòdù bò ó mọ́lẹ̀. Ìyàtọ̀ náà ní ìtumọ̀. Ìyípadà kóòdù tó dára kì í fi kún ohun tí òǹkọ̀wé kọ, kì í sì í yọ kúrò nínú rẹ̀. Àtúnkọ àkọtọ́ ń sọ ohun mìíràn: pé mo mọ bí ó ti yẹ kí òǹkọ̀wé yìí kọ ọ́.

Àwọn kan yóò sọ pé kò séwu, pé a lè dá a padà nígbàkigbà. Ẹ jẹ́ kí a dán an wò. Ẹ sí ɛ rọrùn. Ṣùgbọ́n bí a bá ní kí gbogbo p padà di kp, Porto-Novo yóò di Kporto-Novo, Paris yóò sì di Kparis. Orúkọ ìlú náà tún ń fi ohun tó jinlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ hàn. Ìlú tí àwọn Faransé ń kọ ní Savè, àwọn òǹkọ̀wé Yorùbá kan ń kọ Sábẹ̀, àwọn kan ń kọ Ṣábẹ̀. Bí akójọ-ọ̀rọ̀ kan bá kọ s níbi tí ẹlòmíràn ti kọ sh, ó lè jẹ́ pé ohun tó gbọ́ lẹ́nu abẹ́nà-ìmọ̀ rẹ̀ ló kọ. Ẹni tó bá sọ méjèèjì di ṣ kí ojú lè gún ti pa ẹ̀rí ẹ̀ka-èdè náà. Kò sì sí irinṣẹ́ tó lè dá ẹ̀rí yẹn padà.

Ó tún yẹ kí a sọ pé ní ti kóòdù, àkọtọ́ Bẹ̀nẹ̀ ní àǹfààní tí a kì í sábà sọ. Ọ̀pọ̀ irinṣẹ́ ìwádìí ni wọ́n ń yọ àmì orí lẹ́tà kúrò kí wíwá ọ̀rọ̀ lè rọrùn. Àmì abẹ́ ẹ ń bá àmì ohùn lọ nígbà náà, nítorí pé Unicode ka ẹ sí e tó gba àmì. Ẹ̀ yóò di e. Ɛ̀ yóò di ɛ lásán, torí pé lẹ́tà tó dá dúró ni ɛ. Fáwẹ́lì náà kò sọnù. Bẹ́ẹ̀ náà ni ɔ ń la Windows-1252 já níbi tí ọ ti ń kú, nítorí pé báìtì C9 94 kò kọlu ààyè òfìfo. Àmọ́ Ɛ ńlá ní báìtì C6 90, 90 sì jẹ́ ààyè òfìfo. Kò sí àkọtọ́ tó bọ́ lọ́wọ́ ewu pátápátá. Ewu kálukú ló yàtọ̀.

5. Aṣọ púpọ̀ lára lẹ́tà kan

Èrò kẹta ni pé Unicode ti sọ gbogbo rẹ̀ di ọ̀kan. Ọ̀nà mẹ́ta ni a lè gbà kọ ẹ́ nínú Unicode kí ojú má rí ìyàtọ̀: kí a kọ ẹ kí àmì ohùn tẹ̀ lé e, kí a kọ é kí àmì abẹ́ tẹ̀ lé e, tàbí kí a kọ e kí àmì méjèèjì tẹ̀ lé e. Bí fáìlì kan bá lo èyí àkọ́kọ́ tí òmíràn lo èkejì, ẹni tó bá wá jẹ́ nínú méjèèjì yóò rí ìdajì, yóò sì rò pé òun ti rí gbogbo rẹ̀.

Unicode mọ̀ nípa èyí, ó sì ní ètò ìmúdọ́gba. Èyí tí a ń pè ní NFC yóò sọ ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta di ọ̀kan: ẹ, lẹ́yìn náà àmì ohùn. Mo gba gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ níyànjú láti máa lò ó. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe rò pé ó mọ Yorùbá. Àwọn kan fi ìlà kékeré tó dúró gbọọrọ, U+0329, ṣe àmì abẹ́ lẹ́tà dípò U+0323. Lójú wa, ẹ ni méjèèjì. Lójú NFC, lẹ́tà méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni, kò sì ní fi ọwọ́ kàn wọ́n. Àwọn fáìlì tí wọ́n fa ìlà sábẹ́ e ńkọ́? Ìlà yẹn jẹ́ ọ̀ṣọ́ tí ètò ìtẹ̀wé fi kún un, kò sí nínú lẹ́tà. Bí a bá yí irú fáìlì bẹ́ẹ̀ sí ọ̀rọ̀ lásán, gbogbo ẹ ti di e kí kóòdù tó dá sí i rárá. Ìdájọ́ Yorùbá nìkan ló lè yanjú àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí, ẹni tó bá ṣe ìdájọ́ náà gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i.

6. Àtakò tó yẹ kí a dáhùn

Àwọn kan yóò sọ pé ìṣòro àtijọ́ ni mo ń hú jáde, pé UTF-8 ti borí, pé ẹnikẹ́ni tó bá ń tẹ Yorùbá lónìí ti wà ní àlàáfíà. Òtítọ́ ni fún ohun tí a ń kọ lónìí. Ṣùgbọ́n ohun tó ṣọ̀wọ́n jù lọ́wọ́ wa ni ohùn àwọn àgbà tí wọ́n ti kú, tí a kọ sílẹ̀ kí UTF-8 tó wọ́pọ̀. Fáìlì wọn ló nílò ìyípadà, a kò sì lè padà lọ bi wọ́n pé báwo ni ẹ ṣe pe ọ̀rọ̀ yìí.

Àtakò kejì lágbára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n ní a lè dán ìyípadà wò: kí a yí fáìlì lọ, kí a yí i bọ̀, bí ó bá bá ti àkọ́kọ́ mu, ìyípadà náà dára. Ìdánwò yìí wúlò, ṣùgbọ́n ohun kan péré ló ń jẹ́rìí sí, pé báìtì kankan kò sọnù. Kò jẹ́rìí sí i pé a ka fáìlì náà bó ti yẹ. Nínú iconv, báìtì kọ̀ọ̀kan nínú 256 ló ní ìtumọ̀ lábẹ́ ISO 8859-1. Nítorí náà fáìlì èyíkéyìí lágbàáyé, kódà fáìlì àwòrán, lè gba ibẹ̀ lọ kí ó sì gba ibẹ̀ bọ̀ láìyí. Lẹ́yìn gbogbo ìdánwò, ẹni tó gbọ́ èdè náà gbọ́dọ̀ jókòó kí ó kà á.

7. Ohun tí mo dábàá

Àbá mi kò nílò owó. Èkíní, kí a tọ́jú fáìlì àkọ́kọ́ bó ṣe wà láìfọwọ́ kàn án, pẹ̀lú fọ́ńtì rẹ̀ bí ó bá ní. Èkejì, kí orí ọgbọ́n ìwádìí sọ kóòdù tí a kúrò nínú rẹ̀, èyí tí a lọ sí, irinṣẹ́ àti àṣẹ tí a lò gan-an, àti irú ìmúdọ́gba tí a ṣe. Ẹ̀kẹta, kí ẹnikẹ́ni má ṣe lo -c tàbí //IGNORE lórí àkọsílẹ̀ èdè. Lábẹ́ //IGNORE, ọkọ̀ tó bá ń lọ sínú ISO 8859-1 yóò di k. Ẹ̀kẹrin, kí a ka iye ohùn òkè àti ti ìsàlẹ̀ lórí fáwẹ́lì kọ̀ọ̀kan ṣáájú ìyípadà àti lẹ́yìn rẹ̀. Bí iye kan bá já wálẹ̀ lójijì lórí ẹ àti ọ nìkan, a ti mọ ibi tí a ó kọ́kọ́ wò. Ẹ̀karùn-ún, bí a bá fẹ́ tún àkọtọ́ kọ, kí ó wà nínú fáìlì ọ̀tọ̀, pẹ̀lú orúkọ tó sọ ohun tí a ṣe.

Àwọn olùdarí iṣẹ́ ni mo fi èyí tó kù lé lọ́wọ́. A kì í gba àkọsílẹ̀ ohùn tí akẹ́kọ̀ọ́ kò lè sọ ẹni tó sọ ọ́ àti ibi tó ti gbà á. Kí a má ṣe gba fáìlì tí kò lè sọ ọ̀nà tó gbà dé ọwọ́ wa.